Òwò Àgbàṣe Gbànja ní Ṣàgámù: Bí Òwò Kékeré Ṣe Ń Gbèrú ní Ìdálẹ̀ Lákòókò Ọ̀dá Owó

1. Ìfáárà

Èrò tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọrọ̀ ajé ni pé kò sí ọ̀tá tí ó burú fún oníṣòwò kékeré tó ọ̀dá owó, àgàgà oníṣòwò tí kò sí ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní owó ìpamọ́, kò ní ẹbí nítòsí tí yóò gbà á sílẹ̀, kò sì ní ilẹ̀ tí ó lè fi dúró láti yá owó. Nítorí náà, bí ọjà kò bá tà mọ́, òun ni yóò kọ́kọ́ di ẹrù rẹ̀. Èrò yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò kárí. Irú òwò kan wà tí ọ̀dá owó lè mú gbèrú dípò kí ó pa á. Òwò náà ni òwò àgbàṣe.

Kì í ṣe nǹkan àjèjì sí Yorùbá. Olóko tí agbára rẹ̀ kò ká gbogbo oko rẹ̀ a pe alágbàṣe, a wọn apá kan fún un, wọn a sì dá iye owó tí yóò gbà. Alágbàṣe kò ni oko, kò ni èrè oko. Iṣẹ́ tí ó ṣe ni ó ń gba owó lé lórí. Ìlànà yìí kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n gbé ìṣirò owó wọn tàbí ìdáhùn ìpè oníbàárà wọn lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ní Íńdíà. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé olówó kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ alágbàṣe láti máa wo ọwọ́ rẹ̀.

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ irú òwò bẹ́ẹ̀ wò ní Ṣàgámù, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, níbi tí àwọn oníṣòwò Hausa ní Sábó ti ń ra gbànja, tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n sì ń dì í ránṣẹ́ sí Òkè-Ọya fún àwọn tí ó ni owó. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé ìgbẹ́kẹ̀lé ni ọjà tí alágbàṣe ń tà ní ìdálẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀dá owó ni ó lè tètè pa òwò rẹ̀ bí kò ṣe ohunkóhun tí ó bá ba ìgbẹ́kẹ̀lé náà jẹ́.

2. Gbànja àti bí ó ṣe dé ilẹ̀ Rẹ́mọ

Irú obì méjì ni ó gbajúmọ̀ jù ní ilẹ̀ Yorùbá. Èkíní ni obì àbàtà, tí awẹ́ rẹ̀ máa ń ju méjì lọ, tí a sì ń lò fún ìbọ, ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Èkejì ni gbànja, aláwẹ́ méjì. Gbànja kò lè gba ipò àbàtà nínú ìbọ, ṣùgbọ́n òun ni àwọn Hausa fẹ́ràn jù, tí wọ́n ń pè ní góró. Òun ni wọ́n fi ń gba àlejò, òun ni wọ́n fi ń tọrọ ìyàwó, òun náà ni wọ́n sì ń pín níbi ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ka ọtí léèwọ̀, kò ka obì léèwọ̀; èyí wà lára ohun tí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láàárín wọn.

Orúkọ náà, gbànja, tọ́ka sí Gonja ní àríwá orílẹ̀-èdè Gánà òde òní, níbi tí ọjà Salaga wà. Fún ìgbà pípẹ́, inú igbó Àṣáǹtì ni gbànja ti ń wá. Àwọn Hausa a rà á ní Salaga, wọn a sì dì í ru kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sí ilẹ̀ wọn. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Àṣáǹtì ní 1874, ọjà Salaga bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn. Nígbà tí ó yá, ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbànja wá sí Èkó láti Góòlù Kóòsì. Ní 1912, ọkọ̀ ojú irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò, ìrìn àjò tí ó ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sì di ti ọjọ́ díẹ̀.

Láàárín àkókò yìí ni àwọn àgbẹ̀ ńlá ní agbègbè Agége, tí J. K. Coker jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, ń gbin kòkó àti gbànja. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni gbànja ti tàn dé ilẹ̀ Rẹ́mọ, ilẹ̀ náà sì gbà á. Láàárín 1920 sí 1940, gbànja tí a gbìn ní ilẹ̀ Yorùbá gba ipò èyí tí ó ń ti Góòlù Kóòsì wá.

Ṣàgámù fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlú àkójọ. Ní nǹkan bí 1872 ni ọ̀pọ̀ ìlú Rẹ́mọ, tí Ọ̀fin àti Màkún wà lára wọn, kó jọ síbẹ̀ nítorí ààbò. Ọ̀fin ni ààfin Akárìgbò wà. Àwọn Hausa tí ó tẹ̀ lé òwò obì wá sí ìlú yìí kò wá gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀. Abẹ́ ọba àti àwọn onílé ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí, ní àdúgbò tí à ń pè ní Sábó. Lójú òfin lónìí, orílẹ̀-èdè kan náà ni Kánò àti Ṣàgámù wà. Ṣùgbọ́n ní ti èdè, ẹbí àti ilẹ̀, ìdálẹ̀ ni Ṣàgámù jẹ́ fún wọn.

3. Iṣẹ́ tí ó wà láàárín igi obì àti ọjà Kánò

Ẹni tí ó bá rí gbànja lórí àtẹ ní Kánò lè rò pé kíká àti kíkó ni iṣẹ́ orí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Gbànja jẹ́ ohun abẹ̀mí. Ó lè gbẹ, ó lè jẹrà, kòkòrò sì lè jẹ ẹ́. Láti ìgbà tí a bá ti ká a ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Èkíní ni rírà. Láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá ni obì máa ń pọ̀ jù. Alágbàṣe tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa lọ láti oko dé oko àti láti ọjà dé ọjà. Nígbà mìíràn, a san owó fún àgbẹ̀ kí obì tó gbó lórí igi.

Èkejì ni bíbó. A ó la apó obì, a ó kó èso inú rẹ̀ jáde, a ó sì rẹ ẹ́ sínú omi tàbí kí a bò ó títí awọ funfun tí ó wà lára rẹ̀ yóò fi rọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó bó o, tí a ó sì fọ̀ ọ́ mọ́. Iṣẹ́ àwọn obìnrin ni èyí jẹ́ jù lọ.

Ẹ̀kẹta ni mímú omi ara rẹ̀ fà. A ó kó o sínú agbọ̀n, a ó fi ewé bò ó fún ọjọ́ mélòó kan kí ó làágùn. Bí a bá yára dì í, yóò jẹrà lọ́nà. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ jù, yóò rọ, kò ní dún lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ṣíṣà. A ó ya funfun kúrò lára pupa, a ó ya ńlá kúrò lára kékeré, a ó sì ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ dànù. Funfun máa ń ní owó lórí ju pupa lọ. Níbí ni ìmọ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀tàn lè gbà wọlé, nítorí ẹni tí kò lóòótọ́ lè to dáradára sókè kí ó fi ẹlẹ́gẹ́ sísàlẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni dídì àti fífi ránṣẹ́. A ó tẹ́ ewé tútù sínú agbọ̀n tàbí àpò, a ó kó obì sí i, a ó dì í, a ó sì wá ọkọ̀. Bí a bá ń pààrọ̀ ewé rẹ̀ déédéé, tí a sì ń ṣa èyí tí ó bàjẹ́ kúrò, gbànja lè wà fún oṣù púpọ̀ kí a tó tà á.

Olówó tí ó wà ní Kánò lè wá ṣe gbogbo èyí fúnra rẹ̀, ó sì lè gbé e fún alágbàṣe. Bí ó bá wá fúnra rẹ̀, yóò san owó ọkọ̀, yóò jẹun, yóò sùn, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nílé yóò sì wà ní títì tàbí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ó bá gbé e fún alágbàṣe, owó obì àti owó iṣẹ́ nìkan ni yóò fi ránṣẹ́.

4. Ìdí tí ọ̀dá owó fi ń mú àgbàṣe gbèrú

Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnukọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, owó kòkó já wálẹ̀ ní gúúsù, owó ẹ̀pà sì já wálẹ̀ ní Òkè-Ọya. Gbànja kò bọ́ nínú ìpọ́njú náà, nítorí owó ẹ̀pà wà lára ohun tí àwọn ará Òkè-Ọya fi ń ra obì. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ni ó ń ra kòkó. Bí wọ́n bá ní àwọn kò rà, kò sí ohun tí àgbẹ̀ lè fi í ṣe. Àwọn ènìyàn inú ilẹ̀ yìí ni ó ń jẹ obì. Ẹni tí ó ń ra ogún lè ra márùn-ún, ẹni tí ó ń ra funfun lè ra pupa, ṣùgbọ́n kò ní fi ọwọ́ lásán sọ ọmọ lórúkọ. Rírà kò dáwọ́ dúró. Iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń rà ni ó dínkù.

Dídínkù yìí gan-an ni ó ṣílẹ̀kùn fún alágbàṣe. Oníṣòwò tí ó ń ra obì kún ọkọ̀ kan tẹ́lẹ̀ lè fara da ìnáwó ìrìn àjò. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ju agbọ̀n mẹ́ta lọ kò lè fara dà á, nítorí owó ọkọ̀ nìkan yóò jẹ èrè rẹ̀ tán. Ọ̀kan nínú méjì ni yóò ṣe: kí ó fi òwò sílẹ̀, tàbí kí ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí ó wà ní Ṣàgámù. Alágbàṣe tí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá bá wá bá lè kó agbọ̀n gbogbo wọn sínú ọkọ̀ kan. Owó oníkálukú kéré, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kún. Báyìí ni òwò alágbàṣe ṣe lè tóbi nígbà tí ti àwọn tí ó ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ń kéré sí i.

Ohun mìíràn ni pé alágbàṣe tí ó gbọ́n kì í di ẹrù ìnáwó tí ó dúró lójú kan lé ara rẹ̀ lórí. Kì í gba àwọn obìnrin tí ó ń bó obì sí iṣẹ́ olóṣù. Iye tí wọ́n bá bó ni ó ń san owó lé lórí. Kì í ra ọkọ̀. Ó ń háyà rẹ̀. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá dínkù lónìí, ìnáwó rẹ̀ náà yóò dínkù. A gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gbangba pé ìlànà yìí ní ẹni tí ó ń ni lára: ìnira tí alágbàṣe bọ́ kúrò lọ́rùn ara rẹ̀ ń bọ́ sọ́rùn obìnrin tí ó ń bó obì, tí kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ yóò wà lọ́la. Àgbàṣe kì í pa ọ̀dá owó rẹ́. Ó ń pín in ni, ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù ni ó sì sábà máa ń gbà jù nínú ìpín náà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí kò yàtọ̀. Ní 1986, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, náírà rẹ̀yìn gidigidi, wọ́n sì fagi lé àwọn bọ́ọ̀dù tí ó ń ra irè oko. Gbànja kò sí lábẹ́ bọ́ọ̀dù kankan láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà àwọn tí ó ń ṣe òwò rẹ̀ kò ní láti tún ọ̀nà mìíràn kọ́. Ní 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo, owó ọkọ̀ fò sókè káàkiri. Bí owó ọkọ̀ bá ṣe ń wọ́n tó ni kíkó ẹrù ẹni púpọ̀ pọ̀ sínú ọkọ̀ kan ṣe ń níye lórí tó.

5. Ohun tí alágbàṣe ń tà gan-an

Bí ó bá jẹ́ pé bíbó àti dídì nìkan ni iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni ní Ṣàgámù ni ìbá máa ṣe é. Ìdí tí olówó ní Kánò fi ń wá ẹnì kan pàtó ni pé owó rẹ̀ yóò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó rí obì, obì náà yóò sì rin ọ̀nà jíjìn kí ó tó tú u wò. Kò lè dúró ti agbọ̀n. Ẹni tí kò ní fi ẹlẹ́gẹ́ sísàlẹ̀ ni ó ń wá.

Abner Cohen, tí ó ṣe ìwádìí ní Sábó Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1969, ṣàlàyé bí àwọn Hausa ṣe yanjú ìṣòro yìí nínú òwò màlúù àti obì. Ọwọ́ẹ̀yìn ètò náà ni ẹni tí wọ́n ń pè ní màígídá, ìyẹn baálé tí ó ń gba àlejò oníṣòwò sílé. Nínú òwò màlúù, alápatà a máa gba màlúù láwìn, màígídá a sì dúró fún owó náà. Bí alápatà kò bá san án, ọrùn màígídá ni yóò wà. Nínú òwò obì, owó àwọn tí ó wà ní Òkè-Ọya ni a ń fi sí ìkáwọ́ àwọn ènìyàn Sábó. Orúkọ tí màígídá ní láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó fi ń dúró. Bí ó bá ta orúkọ náà nítorí agbọ̀n obì kan, ìròyìn rẹ̀ yóò dé Kánò kí ọkọ̀ tó dé.

A lè fi ọ̀nà yìí wé ti kòkó. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ yìí kan náà, ṣe òwò kòkó àti ọkọ̀ akẹ́rù ní àwọn ọdún 1930 kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin. Nínú ìwé tí ó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, tí ó jáde ní 1960, ó sọ bí jíjá owó kòkó ṣe kó o sí gbèsè. Kì í ṣe àìgbọ́n tàbí ọ̀lẹ ni ó fà á. Ẹni tí ó ń ra kòkó fún ara rẹ̀ ti ra ewu iye owó mọ́ kòkó náà. Bí owó bá já kí ó tó tà á, àdánù rẹ̀ ni. Alágbàṣe obì kò gbé irú ewu bẹ́ẹ̀, nítorí olówó ni ó ni obì. Èwo ni ewu tirẹ̀? Ewu tirẹ̀ ni pé kí a má gbà á gbọ́ mọ́. Oníṣòwò kòkó lè pàdánù owó kí orúkọ rẹ̀ ṣì dára, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Alágbàṣe tí orúkọ rẹ̀ bá bàjẹ́ kò ní ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Èyí náà ni ó fi ààlà sí bí òwò àgbàṣe ṣe lè tóbi tó. Owó àyálò kò lè mú un tóbi ju iye ènìyàn tí alágbàṣe lè fọwọ́ sọ̀yà fún lọ. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ ju èyí tí ojú rẹ̀ ká, ó gbọ́dọ̀ gbé díẹ̀ fún ẹlòmíràn, ẹni yẹn náà gbọ́dọ̀ ṣe é fi ọkàn tán. Nítorí èyí ni irú òwò bẹ́ẹ̀ ṣe sábà máa ń gba ọ̀dọ̀ ọmọ, ìbátan àti ọmọ iṣẹ́ tí ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tàn kálẹ̀.

6. Oṣù Keje, 1999

Ìgbẹ́kẹ̀lé tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ibí yìí ni èyí tí ó wà láàárín alágbàṣe àti olówó. Ìkejì wà, èyí tí ó wà láàárín alágbàṣe àti onílé. Àlejò kò lè ra obì lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí kò gbà á gbọ́, kò sì lè kó o pamọ́ ní ìlú tí kò ti lè sun oorun àsùndọ́kàn.

Ní oṣù Keje, 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣàgámù láàárín Yorùbá àti Hausa, lẹ́yìn ikú obìnrin Hausa kan ní òru tí Orò wà níta. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò lọ́tùn-ún lósì, ilé àti ọjà jóná, ìjọba sì ṣe òfin kónílé-ó-gbélé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjà ẹ̀san bẹ́ sílẹ̀ ní Kánò, àwọn Yorùbá tí kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ṣàgámù sì jìyà rẹ̀. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé ìlú méjèèjì tí iná jó ni ìlú méjì tí òwò obì so pọ̀.

Ìjà yẹn ṣe ohun tí ọ̀dá owó kò ṣe ní àwọn ọdún 1930, tí kò sì ṣe ní 1986. Obì wà lórí igi, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà ní Kánò, ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí a ṣí ní 1978 sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú. Ẹni tí ó wà láàárín ni kò lè dúró mọ́. Àgbẹ̀ Rẹ́mọ kò rí ẹni tà fún, obìnrin tí ó ń bó obì kò rí iṣẹ́, tí kò sì sí èyí tí ó jẹ́ Hausa nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tí àlàáfíà padà, òwò náà padà; Ṣàgámù ṣì jẹ́ ọjà gbànja títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà dúró: ohun tí ó so àlejò mọ́ onílé nínú òwò àgbàṣe kò ní bọ́ láìmú àwọn méjèèjì lọ́wọ́ òfo.

7. Ìkádìí

Láti inú ohun tí a ti yẹ̀ wò, ohun mẹ́ta hàn gbangba. Ọ̀dá owó máa ń sọ ẹni tí ó ń ra púpọ̀ di ẹni tí ó ń ra díẹ̀, kíkó díẹ̀díẹ̀ ẹni púpọ̀ jọ sì ni iṣẹ́ tí alágbàṣe mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo ènìyàn lọ. Bákan náà, alágbàṣe tí kò ra ọjà fún ara rẹ̀, tí kò sì di ẹrù owó oṣù lé ara rẹ̀ lórí, lè la ìgbà ọ̀dá kọjá níbi tí ẹni tí ó ní owó jù ú lọ yóò ti ṣubú. Ẹ̀kẹta, orúkọ rere lọ́dọ̀ olówó àti àlàáfíà lọ́dọ̀ onílé ni olú-owó irú òwò yìí.

Nítorí náà, ètò èyíkéyìí tí ó bá fẹ́ ran irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ dúró lórí owó àyálò nìkan. Ilé-ẹjọ́ tí àlejò àti onílé lè gbà gbọ́ ṣe pàtàkì fún un ju báǹkì lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdéhùn tí yóò dáàbò bo owó iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ó ń bó obì, nítorí orí àwọn ni ìnira ọ̀dá owó ń já lé. Àwọn àgbà ní ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Nínú òwò gbànja Ṣàgámù, ọwọ́ olówó wà ní Kánò, ọwọ́ àgbẹ̀ wà ní oko Rẹ́mọ, ti alágbàṣe sì ni ó wà láàárín, tí kò jẹ́ kí ẹrù náà já bọ́.